Ìgbálẹ̀ ni róbọ́ọ̀tì, kì í ṣe oògùn omi

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Púùlù kan wà lẹ́yìn ilé wa n'Ìbàdàn, bàbá àwọn ọmọ ló kọ́ ọ kí wọ́n tó papòdà. Ó gùn tó mítà 10, ó fẹ̀ tó mítà 5, ibi tó jìn jù níbẹ̀ sì ga jù mí lọ díẹ̀. Táìlì kéékèèké ni wọ́n fi tẹ́ inú rẹ̀. Ọmọkùnrin kan ń wá bá wa tọ́jú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, síbẹ̀ omi náà kì í mọ́ pẹ́. Eruku máa ń jókòó sí ìsàlẹ̀, ara ògiri ń yọ̀, nígbà mìíràn gbogbo rẹ̀ á ní àwọ̀ ewé. Ọmọ mi tó wà ní Houston ní òun fẹ́ ra róbọ́ọ̀tì tó ń fọ púùlù ránṣẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ mi tó dé ní Disẹ́ńbà. Ó ní tí ó bá ti dé, a lè dá ọmọkùnrin yẹn dúró. Èwo ni kí ó rà, onówáyà ni àbí oníbátìrì? Mo ti lé ní ọdún 65, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́ lọ́nà tó máa yé mi.”

Màmá, ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Mo ka ọ̀rọ̀ yín ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ìbéèrè mẹ́ta ni mo sì bá nínú ẹyọ kan ṣoṣo. Àkọ́kọ́ ni èyí tí ẹ bi mí gan-an, irú róbọ́ọ̀tì tí ọmọ yín máa rà. Èkejì ni ìdí tí omi yín kì í fi mọ́ pẹ́. Ẹ̀kẹta ni bóyá ọmọkùnrin tó ń tọ́jú púùlù ṣì wúlò. Ẹ jẹ́ kí n ti èkejì bẹ̀rẹ̀, torí bí a ò bá mọ ohun tó ń ṣe omi yín, ọmọ yín á náwó, róbọ́ọ̀tì á dé, omi á sì tún padà di ewé kí ọdún tuntun tó wọlé. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí. Òtẹ́ẹ̀lì ni mo ti kọ́ ọ l'Ékòó kí n tó máa lọ sí ilé àwọn èèyàn, mo sì ti rí róbọ́ọ̀tì olówó ńlá tí aláǹtakùn ti takùn sí lára ní kọ̀rọ̀ gáréèjì. Kò bàjẹ́ o. Iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́, nígbà tí kò rí i ṣe, wọ́n bínú gbé e sọ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Kí ni nǹkan náà gan-an? Àpótí oníke kan ni, tó tóbi tó báàfù ìfọṣọ, tó ní ẹsẹ̀ róbà bíi ti katapílà àti búrọ́ọ̀ṣì tó ń yí lábẹ́. Mọ́tò kan ń mú un rìn. Mọ́tò kejì ń fa omi gba abẹ́ ikùn rẹ̀ wọlé, ó ń gbé e gba inú asẹ́ kan kọjá, ó sì ń tú u jáde lókè. Agbára omi tó ń tú jáde lókè yẹn ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, òun náà ló ń jẹ́ kó lè gun ògiri. Ohunkóhun tí asẹ́ bá gbà dúró ni ẹ máa dànù tí ẹ bá gbé e jáde. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í da oògùn sómi, kì í dán omi wò, kì í pa nǹkan kan. Ìgbálẹ̀ àti pákà ló parapọ̀ sínú àpótí kan, tó mọ ilẹ̀ gbá dáadáa, tí kì í sì í rẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá rà á bí ìgbálẹ̀ á yìn ín títí. Ẹni tó bá rà á pé kó máa wo omi sàn ni yóò gbé e lọ sí gáréèjì.

Àwọ̀ ewé tí ẹ rí yẹn, ohun abẹ̀mí ni, algae ni àwa oníṣẹ́ ń pè é. Wọ́n kéré débi pé ojú ò lè rí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ihò asẹ́ róbọ́ọ̀tì sì gba wọ́n kọjá lọ́gọ́ọ̀rọ̀. Kílórínì ló ń pa wọ́n, búrọ́ọ̀ṣì ló ń ṣí wọn lára ògiri, fílítà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ páǹpù ló ń kó òkú wọn. Oníbàárà mi kan l'Ékòó fẹ́ fi róbọ́ọ̀tì gba gbogbo ọ̀nà yìí kọjá. Nígbà tí mo débẹ̀, omi rẹ̀ ti ní àwọ̀ ewé bíi gbúre. Èmi náà fẹ́ wo ohun tó máa ṣe, ni mo bá gbé ẹ̀rọ náà sómi. Kò tó ìṣẹ́jú 20 tó fi dúró sójú kan tó ń kùn. Mo fà á jáde, mo ṣí i, asẹ́ rẹ̀ ti dà bí ìgbà tí wọ́n da ewédú sí i, ó ń fà láàárín ìka mi, omi kò sì rí ojú ihò kan gbà kọjá mọ́. Mo fọ̀ ọ́, mo dá a padà, ó tún dí. Mo ṣe é títí di ìrọ̀lẹ́, omi kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ìgbà tí a wá da kílórínì sí i lálẹ́, tí a fi búrọ́ọ̀ṣì ha ògiri yíká, tí páǹpù ṣiṣẹ́ mọ́jú, ni ewé náà kú, tí omi wá funfun bí omi ògì. Ó gbà wá ní ọjọ́ méjì sí i kó tó mọ́ débi tí a fi lè ka táìlì ìsàlẹ̀.

Kí ló dé tó fi ń padà wá nílé yín? Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀, ẹ má bínú. Mítà 10 lọ́nà mítà 5, bí a bá mú ìjìnlẹ̀ rẹ̀ sí mítà 1.5 láàárín ibi tó jìn àti ibi tí kò jìn, omi inú púùlù yín tó lítà 75,000. Páǹpù tó ní agbára ẹṣin kan, èyí tó wọ́pọ̀ nílé, lè gbé bíi lítà 12,000 gba inú fílítà ní wákàtí kan, bí fílítà náà bá mọ́. Ó lé ní wákàtí 6 kí omi yín tó lè kọjá nínú fílítà lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ ò sọ iye wákàtí tí páǹpù yín ń ṣiṣẹ́ lójúmọ́, ṣùgbọ́n mo mọ iná wa, mo sì mọ iye tí epo jẹnẹrétọ̀ dé báyìí. Bí ó bá jẹ́ wákàtí méjì ni, bí mo ṣe ń bá a ní ọ̀pọ̀ ilé, kò ju ìdá kan nínú mẹ́ta omi náà lọ tó ń rí fílítà lójúmọ́. Ìyókù wà nínú oòrùn, ó gbóná, ó dákẹ́ rọ́rọ́, ohun tí algae sì ń wá nìyẹn.

Oòrùn tún ń ṣe nǹkan kejì. Ó ń jẹ kílórínì. Bí ọmọkùnrin yẹn bá ń da kílórínì sómi láago mẹ́wàá àárọ̀, tó sì gba ọ̀nà ilé lọ, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti bá oòrùn lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ ní kó máa dà á sí i nírọ̀lẹ́ tí oòrùn bá ti wọ̀, tí páǹpù sì ń ṣiṣẹ́. Fún omi yín, bí àwọ̀ ewé bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú, nǹkan bíi kílò 1.2 kílórínì oníyẹ̀fun, èyí tí wọ́n kọ 65% sí lára, la fi ń lé e. Èyí tó bá ti le ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ pọn omi sínú bákẹ́ẹ̀tì, kí ó wá da kílórínì sínú omi náà. Kí ó má ṣe da omi lé kílórínì lórí láé, torí ó lè hó sí i lójú. Kí ó sì máa dán pH wò pẹ̀lú, ìyẹn ìwọ̀n tó ń sọ bóyá omi kan tàbí kò kan, kó wà láàárín 7.2 sí 7.6, torí bí pH bá ti ga ju bẹ́ẹ̀, kílórínì á wà nínú omi, kò ní lágbára. Mo ti rí púùlù tí wọ́n ń da kílórínì sí lójoojúmọ́ tí algae ń gbé inú rẹ̀ wọ̀ọ̀rọ̀wọ́, nítorí pH nìkan.

Ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ eruku, torí ibẹ̀ ni róbọ́ọ̀tì máa kọ́kọ́ já ọmọ yín kulẹ̀. Disẹ́ńbà làwọn ọmọ ń bọ̀, ọyẹ́ náà sì ń bọ̀ nígbà yẹn. Eruku ọyẹ́ kì í ṣe ẹgbẹ́ eruku títì wa. Láti aṣálẹ̀ ló ti ń wá, púpọ̀ nínú rẹ̀ láti ilẹ̀ pẹrẹsẹ Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad. Ohun tí atẹ́gùn lè gbé láti ibẹ̀ wá sí Ìbàdàn, ẹ mọ̀ pé kò lè tóbi. Irun orí èèyàn nípọn tó nǹkan bíi máíkírọ́ọ̀nù 70. Asẹ́ tó wọ́pọ̀ nínú róbọ́ọ̀tì ní ihò tó fẹ̀ tó máíkírọ́ọ̀nù 100 sí 200, èyí tí wọ́n pè ní kúnná jẹ́ bíi 50 sí 60. Ọ̀pọ̀ eruku ọyẹ́ kò tó 10. Nítorí náà, róbọ́ọ̀tì á rìn lórí eruku, á fà á wọlé lábẹ́, á tú u jáde lókè, omi á wá dà bí ẹni pé ẹnì kan da èlùbọ́ sí i. Tí ó bá parí, ẹ máa rí i pé ìsàlẹ̀ mọ́, inú yín á dùn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, eruku náà ti padà jókòó sí àyè rẹ̀.

Ohun tí àwa ń ṣe sí irú eruku bẹ́ẹ̀ ti wà ṣáájú róbọ́ọ̀tì, ẹ̀yin náà sì mọ̀ ọ́n látinú àmù ìyá àgbà: álọ́ọ̀mù ni. A máa yọ́ ọ, a máa dà á yíká lálẹ́, a máa jẹ́ kí omi yí díẹ̀, lẹ́yìn náà a máa pa páǹpù kí omi lè dákẹ́ mọ́jú. Eruku á so mọ́ra, á wúwo, á sì jókòó sílẹ̀ bí ìrọ̀rí òwú. Láàárọ̀, a máa fi fákúùmù ọlọ́wọ́ fà á jẹ́ẹ́jẹ́, a ò sì ní jẹ́ kó gba inú fílítà. A máa yí ọwọ́ fílítà sí ibi tó ń tú omi dànù tààrà. Omi á dín díẹ̀, a máa kún un padà. Bí ẹnì kan bá gbé róbọ́ọ̀tì lé orí ìrọ̀rí yẹn, búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ á tú u ká, asẹ́ á dí, iṣẹ́ òru á ṣòfò. Ọwọ́ èèyàn tí kò kánjú ló lè ṣe é.

Kí ẹ tó dá ọmọ yín lóhùn, ẹ ṣe àyẹ̀wò kékeré yìí. Láàárọ̀ kùtù, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan omi, ẹ ní kí ọmọkùnrin yẹn ki ọ̀pá búrọ́ọ̀ṣì bọ ìsàlẹ̀, kó fà á lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹ̀yin sì dúró létí máa wò. Bí ohun tó wà nílẹ̀ bá gbéra bí èéfín tí kò sì tètè jókòó, eruku kúnná ni tàbí algae tó ti kú, fílítà àti álọ́ọ̀mù ló ni ín. Bí ó bá yí gbirigbiri tó sì jókòó lójú ẹsẹ̀, iyanrìn ni, róbọ́ọ̀tì á kó o bí adìyẹ ṣe ń ṣa àgbàdo. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ táìlì, algae ni. Nǹkan mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò: bí ó bá jẹ́ pé iwájú ihò tí omi ń gbà padà wọlé ni iyanrìn ń kóra jọ sí, tí ó dán, tí ó sì dọ́gba, inú fílítà yín ló ti ń jáde. Páìpù kéékèèké inú rẹ̀ ti sán, kò sí ìgbálẹ̀ tó lè gbá a tán. Tí ó bá sì jẹ́ omi bóhò lẹ fi ń kún un, tí omi ń pọ́n bíi tíì dúdú ní kété tí kílórínì bá kàn án, irin ló wà nínú omi náà, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Ní ti ọmọkùnrin yẹn, màmá, ẹ má tíì dá a dúró. Ta ni yóò dán pH wò? Ta ni yóò dá omi padà gba inú fílítà láti fọ̀ ọ́, tí yóò kó ewé kúrò nínú apẹ̀rẹ̀ ẹnu ihò, tí yóò yọ ọ̀pọ̀lọ́ lẹ́yìn òjò? Ta ni yóò gbé róbọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀ sómi? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò mọṣẹ́ tó, mi ò lè jẹ́rìí rẹ̀ láti ibi tí mo jókòó sí. Ṣùgbọ́n ó tún ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wákàtí méjì páǹpù ni ẹ fún un, tí ẹ sì ń retí iṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ. Ohun tí róbọ́ọ̀tì lè gbà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ni gbígbá ilẹ̀ àti híha ògiri, tó ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò rẹ̀. Ó lè máa wá ní ẹ̀ẹ̀kan dípò ẹ̀ẹ̀mejì tí kì í bá ṣe ìgbà ọyẹ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sórí rírà. Ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ yín gbọ́dọ̀ wò kì í ṣe orúkọ ilé iṣẹ́, iná ni. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ fólítì 120, tiwa jẹ́ 230. Róbọ́ọ̀tì onówáyà máa ń ní àpótí iná kan tó ń jókòó sí ìta omi, tó ń sọ iná ilé di nǹkan bíi fólítì 24 sí 30 kí ó tó ránṣẹ́ sínú omi, kí iná má baà gbé èèyàn. Nínú àwọn àpótí yìí, òmíràn lè gba iná láti 100 dé 240, òmíràn kò lè gbà ju 120 lọ. Mo wà nílé oníbàárà kan lọ́jọ́ tí wọ́n tú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ láti Amẹ́ríkà. Ọmọ ilé náà ti ki í bọ ara ògiri kí n tó sọ pé ká ka ẹ̀yìn rẹ̀. Ó dún pọ̀ọ́! Òórùn ike tó jóná gba ẹ̀yìnkùlé, gbogbo wa dákẹ́. Róbọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀ kò fara pa, ṣùgbọ́n àpótí iná nìkan ń gba owó gidi, a ò sì rí irú rẹ̀ rà ní gbogbo ọjà tí a wá a dé. Tiransifọ́mà tó ń sọ 230 di 120 wà, mi ò ní kò ṣeé lò, àmọ́ ohun kan sí i ni yẹn tó lè bàjẹ́, tí ẹnì kan sì lè gbàgbé lọ́jọ́ kan. Bí ẹ bá ní ọmọ tàbí àbúrò kan ní London, ẹ jẹ́ kó rà á níbẹ̀. Iná wọn bá tiwa mu, ẹnu wáyà wọn sì wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa láìsí wàhálà. Ní ti ìdánilójú tí ilé iṣẹ́ ń kọ sínú páálí, ẹ má gbọ́kàn lé e. Orílẹ̀-èdè tí ẹ ti rà á ló sábà máa ń mọ sí.

Inú yín á dùn sí èyí: róbọ́ọ̀tì kì í jẹná. Bíi wáàtì 150 sí 200 ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò, páǹpù ẹṣin kan sì ń gba bíi 750 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Inverter ilé á gbé e fún wákàtí méjì tí ó fi ń ṣiṣẹ́ láìmí kanlẹ̀. Ẹ kàn rí i dájú pé inverter tí iná rẹ̀ mọ́, tó dà bí iná ìjọba, ni, kì í ṣe èyí tó máa ń mú fáànù kùn. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná fi ẹ̀rọ tó ń já iná kúrò bí iná bá ń jò, ti mílíáńpù 30 (30 mA), sí ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Kí àpótí iná jìnnà sí etí omi tó mítà mẹ́ta ààbọ̀, kí ó má sì sí lábẹ́ òjò. Bí róbọ́ọ̀tì bá wà lómi, kí ọmọ kankan má wọ ibẹ̀. Lórí èyí, màmá, mi ò gba àríyànjiyàn.

Oníbátìrì ńkọ́? Ó dára lójú, kò ní wáyà tó ń lọ́, kò sì sí ọ̀rọ̀ fólítì púpọ̀, torí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń rọ iná sí i lè gba iná tiwa. Ẹ ṣì ka ẹ̀yìn rẹ̀ ná. Ìṣòro rẹ̀ méjì ló kàn yín. Èkíní, bátìrì lithium ń darúgbó, ooru ilẹ̀ wa sì ń mú un darúgbó kíákíá. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjì á máa dúró ní ààbọ̀ ọ̀nà, nínú ọ̀pọ̀ wọn sì ni bátìrì náà wà nínú ara tí a dí pa. Èkejì ni bí yóò ṣe dé. Òfin ọkọ̀ òfuurufú ni pé èrò ò gbọdọ̀ gbé irú bátìrì bẹ́ẹ̀ tó ju watt-hour 160 lọ (ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà sínú nìyẹn), ì báà jẹ́ nínú báàgì ọwọ́ tàbí ẹrù abẹ́ ọkọ̀. Láti 100 dé 160, àfi kó kọ́kọ́ gbàṣẹ. Kí ọmọ yín fi fólítì bátìrì náà di ìlọ́po ampere-hour rẹ̀: bí ó bá jẹ́ 25 lọ́nà 7.8, ó ti di 195, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfuurufú. Àfi kó gba ti ọkọ̀ ojú omi. Fún ilé yín, onówáyà ni mo fara mọ́. Kí wáyà rẹ̀ tó mítà 18, torí láti igun kan sí igun kejì púùlù yín ti lé ní mítà 11, ìjìnlẹ̀ wà níbẹ̀, ọ̀nà dé ibi àpótí iná sì tún wà níbẹ̀.

Búrọ́ọ̀ṣì ṣe pàtàkì jù bí àwọn tó ń tajà ṣe ń sọ. Táìlì dán, búrọ́ọ̀ṣì róbà líle sì máa ń yọ̀ lórí rẹ̀, pàápàá tí ó bá ń gun ògiri: ẹ máa rí i tó gùn dé àárín, tó yọ̀ bọ́, tó tún gbìyànjú, bí ọmọdé lórí ọ̀pẹ. Kí ó wá èyí tó ní búrọ́ọ̀ṣì fóòmù rírọ̀, irú èyí tó ń mumi, tí wọ́n ṣe fún táìlì. Kí asẹ́ rẹ̀ jẹ́ èyí tí a ń gbà láti òkè yọ, torí ẹni tó ti lé ní 65 kò yẹ kó máa dojú ẹ̀rọ olómi délẹ̀ kó tó lè kó ìdọ̀tí rẹ̀. Kí wọ́n rà á pẹ̀lú asẹ́ oríṣi méjì, èyí tó fẹ̀ fún ewé máńgòrò ìgbà òjò, èyí tó kúnná fún iyanrìn. Kí ó lè gun ògiri kó sì ha ìlà ọ̀rá tó máa ń wà níbi tí omi mọ, torí ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń fi ìpara sí. Àtẹ̀gùn inú púùlù, ẹ má retí ẹ, ọ̀pọ̀ wọn kì í fọ̀ ọ́ dáadáa. Àwọn kan ń fi fóònù darí rẹ̀, èmi ò tíì rí ohun tí fóònù ń wá nídìí púùlù. Ní Amẹ́ríkà, èyí tó kéré jù máa ń jẹ́ ọgọ́rùn-ún dọ́là mélòó kan, èyí tó ń ṣe gbogbo ohun tí mo kà yìí sì sábà máa ń súnmọ́ 1,000 dọ́là tàbí kó kọjá rẹ̀. Dolphin tí Maytronics ilẹ̀ Ísírẹ́lì ń ṣe, àti Zodiac, ni mo ti tú palẹ̀ jù, ara wọn ṣeé tún ṣe. Ohun tó ju orúkọ lọ ni pé kí ó ra ẹsẹ̀ róbà, búrọ́ọ̀ṣì àti asẹ́ kọ̀ọ̀kan sí i mọ́ ọn, torí àwọn ni wọ́n ń kọ́kọ́ jẹ.

Ẹ̀rọ yìí wúwo tó kílò 8 sí 10 ní gbígbẹ, omi inú rẹ̀ sì ń fi kún un nígbà tí ẹ bá ń fà á jáde. Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa gbé e. Ẹni tó bá gbé e sómi gbọ́dọ̀ dì í mú, kó máa yí i títí atẹ́gùn inú rẹ̀ fi hó tán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á léfòó, wọ́n á ní ó ti bàjẹ́. Tí ó bá parí, kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi omi tó mọ́ ṣan asẹ́ rẹ̀, kí ẹ gbé e sí ibòòji. Èyí tó ń sùn sínú omi ń jẹ kílórínì tọ̀sán-tòru, róbà rẹ̀ á tètè gán. Lọ́jọ́ tí ẹ bá da kílórínì púpọ̀ sómi, ẹ má gbé e síbẹ̀ rárá.

Bí owó bá há, ọ̀nà mìíràn wà. Ẹ̀rọ kan wà tí kì í lo iná tirẹ̀, họ́ọ̀sì ni wọ́n fi so ó mọ́ ihò tí páǹpù ń gbà fa omi, agbára páǹpù ló ń mú un rìn. Sáúsì Áfíríkà ni gbajúmọ̀ nínú wọn ti jáde ní 1974, ọwọ́ ẹnì kan tó ń jẹ́ Ferdinand Chauvier, Kreepy Krauly ni wọ́n ń pè é. Kò wọ́n bíi róbọ́ọ̀tì, ọmọkùnrin yín sì lè tún un ṣe fúnra rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé tí páǹpù ò bá ṣiṣẹ́, òun náà á jókòó, a sì ti mọ̀ pé ibi páǹpù gan-an ni bàtà ti ń ta yín lẹ́sẹ̀.

Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ èmi lọmọ yín, mo máa pín owó náà. Apá àkọ́kọ́ á lọ sórí páànẹ́lì oòrùn tó lè gbé páǹpù fún wákàtí 6 lójúmọ́, kí a pààrọ̀ iyanrìn fílítà bí ó bá ti pẹ́ nínú rẹ̀, kí a sì ra ohun tí a fi ń dán omi wò. Mo máa wo omi náà fún oṣù kan. Bí ó bá dúró láìyí padà sí ewé, tí ohun tó kù kò ju ewé àti iyanrìn ìsàlẹ̀ lọ, ìgbà yẹn ni mo máa ra róbọ́ọ̀tì onówáyà. Bí owó bá tó fún méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó rà wọ́n pọ̀. Èyí tí mi ò fẹ́ ni kí róbọ́ọ̀tì ṣáájú páǹpù. Bí ó bá sì jẹ́ pé Houston náà ni yóò ti rà á, ẹ ní kó ya fọ́tò ibi tí wọ́n kọ INPUT sí lẹ́yìn àpótí iná náà ránṣẹ́ sí yín kó tó sanwó. Bí ẹ bá rí 100–240 níbẹ̀, kó sanwó. Bí ó bá jẹ́ 120 nìkan, kó fi í sílẹ̀ níbẹ̀.